Ẹ̀yìn wàláà

Bàbá ààfáà kan ní Bẹ́yẹrúnkà, n'Ìbàdàn, fi wàláà àtijọ́, pátákó ìkọ̀wé ilé kéú, hàn mí lánàá. Wọ́n ti fọ tàdáwà, ìyẹn yíǹkì, ara rẹ̀ mu ní hàntú, omi oògùn, títí, síbẹ̀ àpá lẹ́tà ṣì hàn. Iwájú rọrùn: bísímílà ni. Ẹ̀yìn ló dà mí láàmú, èmi tí mo lọ ilé kéú! Àṣé Yorùbá ni wọ́n fi lẹ́tà Lárúbáwá kọ. Lárúbáwá kò ní “p”, kò ní “gb”, kò sì sí àmì ohùn. Ọgbọ́n inú lèèyàn fi ń kà á. “Ọjọ́ méje” nìkan ni mo rí kà. Irú àkọsílẹ̀ àtijọ́ báyìí níye lórí: láti 1964 ni Yunifásítì Ìbàdàn ti ní ibùdó fún ìwé àfọwọ́kọ Lárúbáwá. Ẹ̀yin ọmọ ààfáà, ẹ jọ̀ọ́, ẹ yẹ àjà wò fún irú wàláà àti ìwé bẹ́ẹ̀ kí ẹ tó dáná sun pàǹtí.