Ẹran Tútù

Láti ìgbà tí a ti dé láti ilẹ̀ Faransé ni ẹ ti ń sọ pé kí a kọ nǹkan sí ojú ìwé Yorùbá yìí nípa ohun tí a kọ́ lọ́hùn-ún. A mọ̀ pé ọ̀rọ̀ ilé ìkówèésí àti kíláàsì fonẹ́tíìkì ni ẹ ń retí. A ó kọ ìyẹn lọ́jọ́ mìíràn. Ẹranko méjì ni a fẹ́ sọ̀rọ̀ wọn lónìí, nítorí pé ọ̀rọ̀ Yorùbá kan ṣoṣo, tí gbogbo wa ń sọ lójoojúmọ́, ló fẹ́rẹ̀ẹ́ pa ọ̀kan nínú wọn mọ́ wa lọ́wọ́.

Ọdún 2018 ni. Àwa méjì, ọ̀kan ọmọ Kétu, ọ̀kan ọmọ Ṣábẹ̀, jọ gba yàrá lọ́dọ̀ ìyá àgbà kan ní ìlú Lyon. Owó yàrá náà kò pọ̀, ṣùgbọ́n àdéhùn wà níbẹ̀. Orúnkún ń dun Màmá, wọn kò lè máa tẹ̀ ba mọ́, nítorí náà àwa ni a ó máa tọ́jú fùrẹ́ wọn méjèèjì: kí a gbálẹ̀ ilé wọn, kí a bọ́ wọn, kí a tú wọn sílẹ̀ láti ṣeré ní ìrọ̀lẹ́.

Ó ṣeé ṣe kí ẹ má tíì rí fùrẹ́ rí. Àwa náà kò rí i rí kí a tó dé ọ̀hún. Ara rẹ̀ gùn tẹ́ẹ́rẹ́, ẹsẹ̀ rẹ̀ kúrú, ẹnu rẹ̀ ṣe ṣóńṣó, ó ń rùn díẹ̀, ó sì lè sun wákàtí 14 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ nínú ọjọ́ kan. Ó ti lé ní ẹgbẹ̀rún ọdún méjì tí àwọn ará Yúróòpù ti ń sìn ín. Strabo, ará Gíríìkì tó kọ̀wé nípa ayé nígbà ìjọba Róòmù, ti sọ̀rọ̀ nípa irú ẹran bẹ́ẹ̀ tí wọ́n ń rán wọ ihò láti lé ehoro jáde ní ilẹ̀ Sípéènì. Furet ni Faransé ń pè é, inú ọ̀rọ̀ Látìn tó túmọ̀ sí olè ni orúkọ náà sì ti wá. Ó yẹ ẹ́. Kọ́kọ́rọ́ wa, ìbọ̀sẹ̀ wa, ìdérí bíìkì wa, abẹ́ àga Màmá ni a ti ń rí gbogbo rẹ̀.

A jiyàn títí lórí orúkọ tí a ó máa pè é láàárín ara wa. Ẹnì kan ní kí a pè é ní ẹtà ilé. Ẹnì kejì ní ìdílé ẹtà yàtọ̀, pé akẹ́kọ̀ọ́ èdè kò gbọdọ̀ purọ́ mọ́ ẹranko. Níkẹyìn a fi ahọ́n Yorùbá pe orúkọ Faransé rẹ̀, ó di fùrẹ́. Nígbà tí ìyá ẹnì kan nínú wa pè láti Ṣábẹ̀, tí a ṣàpèjúwe rẹ̀ fún wọn, wọ́n ní, "Ṣé eku ni ẹ wá lọ ń sìn nílẹ̀ òyìnbó?" A ní, "Rárá o, Ìyá, kì í ṣe eku, òun ló ń pa eku jẹ." Wọ́n ní, "Ó dáa. Ẹ kí eku náà fún mi."

Akọ ń jẹ́ Filou, abo ń jẹ́ Noisette. Ara àwọn méjèèjì kò yá. Filou máa ń ká kò síbi tó ti ń tọ̀, á máa gin, ìtọ̀ kò ní jáde ju ẹ̀kán kan lọ. Òkúta ló ti dì sínú àpò ìtọ̀ rẹ̀. Ṣáájú kí a tó dé ni wọ́n ti là á, tí wọ́n kó o jáde, ó sì tún fẹ́ bẹ̀rẹ̀. Ti Noisette ṣòro láti lóye. Ọmọ ọdún márùn-ún ni. Bó bá jí lójú oorun, á dúró sí ojú kan, á máa wo ògiri, itọ́ á máa dà lẹ́nu rẹ̀, á máa fi ọwọ́ gbo ẹnu, ẹsẹ̀ ẹ̀yìn rẹ̀ á sì máa wọ́ nílẹ̀. Màmá ní ogbó ni. Àwa náà rò pé ogbó ni.

Oníṣègùn ẹranko tó ń tọ́jú wọn jẹ́ obìnrin tó ní sùúrù. Ó ya àwòrán ìfun fùrẹ́ sórí ìwé fún wa. Ìfun rẹ̀ kúrú. Wákàtí 3 sí 4 ti tó fún oúnjẹ láti gba inú rẹ̀ kọjá, nítorí náà kò ráyè lo ewé tàbí ọkà bí ẹran mìíràn ṣe ń lò ó. Ẹran ni Ọlọ́run dá a pé kó máa jẹ. Bẹ́ẹ̀, oúnjẹ gbígbẹ inú àpò ni Màmá ń rà fún wọn, èyí tó rí wóró wóró, kí irú oúnjẹ bẹ́ẹ̀ tó lè dì ní wóró sì rèé, dandan ni kí wọ́n po ìyẹ̀fun mọ́ ọn. Èyí tí Màmá ń rà tilẹ̀ jẹ́ ti ológbò, èyí tó dínwó jù, àgbàdo ni wọ́n sì kọ ṣáájú lára àpò náà. A wo ara wa. Àwa tí a ti ń wá ẹ̀kọ kiri ìlú Lyon láti oṣù méjì, fùrẹ́ ló ń jẹ àgbàdo!

Ohun tó sọ fún wa nípa Filou yé wa kíákíá. Bí púrótéènì inú oúnjẹ fùrẹ́ bá ti ara ọkà wá, ìtọ̀ tó yẹ kó kan díẹ̀ kì í kan mọ́, nínú irú ìtọ̀ bẹ́ẹ̀ ni òkúta náà ti ń dì. Bí ó bá jẹ́ ẹran ló ń jẹ, ìtọ̀ á padà kan, òkúta kò ní rí ibi dì sí. Ti Noisette kò rí bẹ́ẹ̀. Kókó ti yọ sí pánkíríà rẹ̀, ẹ̀yà ara tó ń ṣe ínsúlínì, kókó náà sì ń da ínsúlínì sínú ẹ̀jẹ̀ láìsinmi, tí ṣúgà inú ẹ̀jẹ̀ fi ń wálẹ̀. Òdìkejì àtọ̀gbẹ ni, ká sọ ọ́ bẹ́ẹ̀. Àwọn kan gbà pé ìyẹ̀fun inú oúnjẹ àpò ló ń fà á. Oníṣègùn náà ní ó ṣeé ṣe, ṣùgbọ́n ẹ̀rí kò tíì fi í múlẹ̀. Oúnjẹ ẹran lè ràn án lọ́wọ́ kí ṣúgà rẹ̀ má máa gòkè sọ̀kalẹ̀, kò lè tú kókó náà ká, kò sì gbọdọ̀ fi oògùn rẹ̀ sílẹ̀. Prednisolone ni oògùn náà. Màmá gbọ́ ìdajì àkọ́kọ́ nínú ọ̀rọ̀ yìí. Bí a ṣe ń jáde ni wọ́n ń sọ pé, "Ẹ̀yin ọmọ mi, ẹran ni a ó fi wò ó sàn."

Ẹ má rò pé a kàn gbé ẹran síwájú ẹranko, ó sì jẹ ẹ́. Ohun tí fùrẹ́ bá fi kékeré mọ̀ sí oúnjẹ, òun nìkan ni oúnjẹ lójú rẹ̀. Ọjọ́ tí a kọ́kọ́ gbé ẹran itan adìẹ fún Filou, ó gbọ́ òórùn rẹ̀, ó yípo rẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì, ó sì wọ́ ọ lọ sábẹ́ àga bí ìbọ̀sẹ̀. Ó kó o pamọ́ ni. Kò mọ̀ pé jíjẹ ni. A wá bẹ̀rẹ̀ díẹ̀díẹ̀. A fi omi lílọ́wọ́ọ́wọ́ rẹ oúnjẹ àpò títí ó fi rọ̀, a lọ ẹran kún ṣíbí kan, a pò ó mọ́ ọn. Lẹ́yìn ọjọ́ mélòó kan, ṣíbí méjì. A ń fi òróró ẹja kan orí ìka kí wọ́n lá a, lẹ́yìn náà a fi ẹran kan òróró náà. Filou gbà láàárín ọ̀sẹ̀ mẹ́fà. Lọ́jọ́ tó kọ́kọ́ fi ẹ̀yìn ẹnu fọ́ eegun ọrùn adìẹ, a gbọ́ ìró rẹ̀ láti yàrá kejì, a sì pàtẹ́wọ́.

Ẹran lásán kò tó, a tètè kọ́ ìyẹn. Ẹran tí kò ní eegun kò ní kálísíọ́mù tó fún wọn. Ọkàn adìẹ dára, ẹ̀dọ̀ dára ṣùgbọ́n díẹ̀ ni, nítorí fítámì A inú rẹ̀ máa ń pọ̀ jù. Eegun gbọ́dọ̀ wà láìsè, torí pé èyí tí a bá sè máa ń fọ́ ṣáṣá tó lè gún ìfun. Àkéte ìgẹ́ran wọn yàtọ̀ sí tiwa, a sì ń fọwọ́ pẹ̀lú ọṣẹ nítorí kòkòrò àrùn ara adìẹ. Nígbà tó yá, oníṣègùn ní kí a fi odindi ẹran kún un, irú èyí tí wọn ì bá pa jẹ nínú igbó. A ra òròmọdìẹ àti eku kékeré tó ti dì nínú yìnyín. Màmá kò lè wò ó. Wọ́n á ní kí a ti ilẹ̀kùn kúṣìnì, wọn á gbé ohùn rédíò sókè. Wọ́n ń jẹ adìẹ ní gbogbo ọjọ́ Àìkú o. Lédè wọn, ohun tó ń rìn ní orúkọ tirẹ̀, èyí tó wà nínú àwo ní tirẹ̀. Lédè tiwa, ẹran ni èyí, ẹran ni ìyẹn, bóyá ìdí nìyẹn tí ojú kò fi tì wá láti mú òròmọdìẹ náà dání. Owó rẹ̀ ló ń dùn wá. Ẹran tí a ń gé fún fùrẹ́ lọ́jọ́ mìíràn dára ju èyí tó wà nínú ọbẹ̀ wa lọ.

Ọ̀rọ̀ wá dé orí Noisette. Nítorí pé àkókò kíláàsì wa yàtọ̀, a ní ìwé pélébé kan tí a lẹ̀ mọ́ fìríìjì, ẹni tó ń jáde á kọ ohun tí ẹni tó ń bọ̀ yóò ṣe. Yorùbá ni a fi ń kọ ọ́, kí Màmá má baà máa da sí i. Lọ́jọ́ kan ní oṣù kejì, ẹni àkọ́kọ́ kọ ọ́ pé: "Oúnjẹ Noisette wà nínú fìríìjì. Tútù ni kí o fún un." Ohun tó ní lọ́kàn ni pé kí ó má sè é. Ẹnì kejì dé ní aago méje àárọ̀, ó kà á, ó rò pé kí ó má gbé e kaná rárá ni, kí ó fún un bó ṣe tutù nini láti inú fìríìjì. Ó gbé e sílẹ̀, ó jáde lọ. Noisette kì í jẹ ohun tó tutù nini. Ṣaájú ọjọ́ náà, lílọ́wọ́ọ́wọ́ ni a máa ń fún un, nínú omi gbígbóná ni a ń gbé àwo rẹ̀ sí.

Fùrẹ́ tó ní àìsàn yẹn kò gbọdọ̀ pẹ́ láìjẹun. Aago kan ọ̀sán ni ẹnì kan nínú wa dé. Noisette dùbúlẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ àwo oúnjẹ tí kò fọwọ́ kàn, ojú rẹ̀ là sílẹ̀, ẹsẹ̀ rẹ̀ ń gbọ̀n. A ti kọ́ ohun tí a ó ṣe: oyin lórí ìka, kí a fi pa èrìgì rẹ̀, kí a má rọ nǹkan kan sí i lọ́nà ọ̀fun. Ọwọ́ wa ń gbọ̀n ju ẹsẹ̀ rẹ̀ lọ. Ó tó ìṣẹ́jú mẹ́wàá kó tó gbé orí. Lọ́dọ̀ oníṣègùn, ṣúgà inú ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ kò tíì tó gíráàmù 0,6 nínú lítà kan. Ó yẹ kó wà láàárín 0,9 sí 1,2. Màmá béèrè lọ́wọ́ wa pé kí ló ṣẹlẹ̀. Báwo ni a ṣe fẹ́ túmọ̀ tútù fún wọn? Omi tútù, ẹran tútù, ẹja tútù, ewé tútù: a ti lo ọ̀rọ̀ yìí nínú iṣẹ́ kíláàsì rí gẹ́gẹ́ bí àpẹẹrẹ ọ̀rọ̀ onítumọ̀ púpọ̀, a sì gba máàkì tó dára. A sọ fún wọn pé àwa la jẹ̀bi. Láti ọjọ́ náà ni a ti ń kọ "àìsè" àti "lílọ́wọ́ọ́wọ́" sórí ìwé pélébé, àti aago tó jẹun kẹ́yìn.

Ó gbádùn díẹ̀ lẹ́yìn èyí. Pẹ̀lú oògùn àti ẹran díẹ̀ ní wákàtí mẹ́ta mẹ́ta, ó tún bẹ̀rẹ̀ sí í jí kọ́kọ́rọ́ gbé. Aládùúgbò kan gba Màmá nímọ̀ràn pé kí wọ́n dá oògùn dúró, pé ẹni tó ti ń jẹ oúnjẹ àdánidá kò nílò májèlé àwọn oníṣègùn. A kọ̀ fún wọn, a tilẹ̀ gbóhùn sókè díẹ̀, èyí tí a kì í ṣe sí àgbàlagbà nílé wa. A kò kábàámọ̀ rẹ̀. Oúnjẹ ló fa òkúta Filou, oúnjẹ ló sì lè dí i lọ́nà. Ẹni tó bá fi ti Filou ṣe òṣùwọ̀n fún Noisette kò tíì wo ẹran méjèèjì dáadáa.

Ní oṣù karùn-ún, prednisolone kò ràn án mọ́, bó ti wù kí a fi kún un tó. Màmá fúnra wọn ló sọ pé ó tó. Wọ́n gbé e lé itan, oníṣègùn fún un lábẹ́rẹ́, a sì sin ín sẹ́yìn ilé lábẹ́ igi rósì. Nígbà tí a dé inú ilé, wọ́n bi wá bóyá kò bá ti wà láàyè bí wọ́n bá ti fún un ní ẹran láti kékeré. A sọ ohun tí oníṣègùn sọ, pé kò sẹ́ni tó lè sọ. Wọ́n mi orí. Wọ́n lọ kó oúnjẹ àpò tó kù nínú kọ́bọ́ọ̀dù, wọ́n dà á nù.

A padà wálé ní oṣù keje. Títí a fi kúrò níbẹ̀, òkúta kò tún dì sínú Filou mọ́. Irun rẹ̀ ń dán, ìgbẹ́ rẹ̀ kò pọ̀, ilé kò sì rùn bíi ti tẹ́lẹ̀. Àwòrán tí Màmá fi ránṣẹ́ ní ọdún tó tẹ̀ lé e, inú ìbọ̀sẹ̀ ẹnì kan nínú wa, èyí tí a ti wá tì, ló sùn sí. A fi han Ìyá ní Ṣábẹ̀. Wọ́n gbé awò wọn wọ̀, wọ́n wò ó pẹ́, wọ́n ní, "Eku yìí mà sanra o. Kí ni ẹ ní ẹ̀ ń fún un jẹ?" A ní ẹran tútù. Wọ́n ní, "Tútù? Ẹ ò bá a yá a lórí iná díẹ̀?"