Káàdì D7

Láti Aramọkọ ni ọmọ ẹ̀gbọ́n mi obìnrin ti gbéra ní ìdájí lọ́jọ́ náà, ó gba Ìgèdè àti Ìyìn kọjá, kí aago mẹ́jọ tó lù ó ti dé Adó-Èkìtì níbi tí mo ti ń dúró dè é. Ọdún 2023 ni. Ọdún yẹn ni JAMB gba iṣẹ́ ìforúkọsílẹ̀ Direct Entry kúrò lọ́wọ́ àwọn ilé kọ̀ǹpútà aládàáni, tó kó o sí àwọn ọ́fíìsì tirẹ̀, nítorí ayédèrú ìwé-ẹ̀rí tó ti gbòde kan. Ẹni tó bá wá láti Ìjerò tàbí Ẹ̀fọ̀n Aláayè, àfi kó wá wọkọ̀ lọ sí olú-ìlú. Mi ò bínú sí i. Bí olè bá pọ̀ lọ́jà, ẹni tí kò jalè náà yóò tú àpò rẹ̀ yẹ̀ wò.

Orí bẹ́ǹṣì la jókòó sí tí mo ní kó kó àwọn ìwé rẹ̀ wá kí n wò wọ́n. OND rẹ̀ nínú ìmọ̀ ìṣàkóso òwò dára: 3.21, èyí tí í ṣe upper credit, torí láti 3.00 dé 3.49 ni wọ́n ń pè bẹ́ẹ̀. Mo rẹ́rìn-ín. Lẹ́yìn náà ni mo ṣí èsì WAEC rẹ̀. Gẹ̀ẹ́sì, C6. Ètò ọrọ̀ ajé, B3. Kọ́másì, ìmọ̀ ìjọba, ẹ̀kọ́ Bíbélì, gbogbo wọn ní kírẹ́díìtì. Ìṣirò, D7.

Ẹ̀yin òǹkàwé mi, ogún ọdún ó dín díẹ̀ ni mo fi ṣiṣẹ́ ìwé ìròyìn. Iṣẹ́ mi ni láti ka ìwé oníwèé tọ́fín-tọ́fín, kí n rí ohun tí wọ́n fi pa mọ́ sábẹ́ ìlà. Ọmọ yìí lo ọdún méjì ní pólì, n kò sì béèrè èsì WAEC rẹ̀ rí títí di òwúrọ̀ ọjọ́ yẹn.

Ẹni tó bá fẹ́ wọ ipele kejì ní yunifásítì láti ka ìmọ̀ ìṣàkóso òwò, ìṣirò owó tàbí ètò ilé ìfowópamọ́, OND tàbí A-level nìkan kò tó o. Wọn yóò tún béèrè kírẹ́díìtì márùn-ún láti ilé ẹ̀kọ́ girama, ìjókòó ìdánwò kò sì gbọdọ̀ ju méjì lọ. Gẹ̀ẹ́sì, ìṣirò àti ètò ọrọ̀ ajé gbọ́dọ̀ wà nínú márùn-ún náà. C6 ni kírẹ́díìtì parí sí. D7 kì í ṣe ìfìdírẹmi, ṣùgbọ́n kò ṣílẹ̀kùn yìí.

“Bọ̀ọ̀dá,” ó ní, “wọ́n sọ fún wa ní pólì pé kò sí wàhálà, pé a ó tún un ṣe tó bá yá.” Pólì aládàáni kan ni, n kò ní dárúkọ rẹ̀. Ó gba owó ọmọ náà ní pípé, ó sì fi “tó bá yá” sílẹ̀ fún un.

Mo bi í léèrè bí D7 ṣe jẹ́. Ó ní ní SS2, olùkọ́ ìṣirò wọn lọ, agùnbánirọ̀ kan wá rọ́pò rẹ̀, ìgbà tí ọdún ìsìnlú rẹ̀ pé, òun náà lọ. Kí ìdánwò tó dé, akẹgbẹ́ wọn kan tó gbọ́n nínú ìṣirò ló ń kọ́ wọn. A máa ń yangàn ní Èkìtì pé kò sí agboolé tí kò ní ọ̀jọ̀gbọ́n. Ilé ẹ̀kọ́ tí kò ní olùkọ́ ìṣirò pẹ̀lú wà láàárín àwọn agboolé náà.

Ohun tó dùn mí jù rèé: nínú OND yẹn kan náà, ó ti ṣe ìṣirò òwò, ó ti ṣe ètò ọrọ̀ ajé, ó ti kọ́ bí a ti ń ṣàkọsílẹ̀ owó tó wọlé àti èyí tó jáde. Ó yege nínú gbogbo wọn. Láti kékeré ló sì ti ń bá ìyá rẹ̀ ṣírò ọjà nínú ṣọ́ọ̀bù wọn. Síbẹ̀, ohun tó ṣe ní ọmọ ọdún mẹ́rìndínlógún ló ń dá a dúró, kì í ṣe ohun tó ṣe ní ọmọ ogún ọdún. Ní ọ̀pọ̀ yunifásítì ilẹ̀ Amẹ́ríkà, akẹ́kọ̀ọ́ kì í wọ ẹ̀ka ìmọ̀ òwò gan-an àfi tó bá ti lo bí ọdún méjì. Àwọn náà ń wo ìṣirò, wọ́n sì le koko lórí rẹ̀. Ṣùgbọ́n èyí tó ṣe láàárín ọdún méjì yẹn ni wọ́n ń wò jù.

Mo gbé ọ̀rọ̀ náà lọ bá ọ̀rẹ́ mi kan tó jẹ́ olùkọ́ yunifásítì. Ó ní, “3.21 pólì kan kì í ṣe 3.21 pólì mìíràn. Máàkì wo ni kí n gbà gbọ́? WAEC nìkan ló ń fi òṣùwọ̀n kan náà wọn gbogbo wọn.” Òótọ́ ni, ọ̀rọ̀ sì tán lẹ́nu mi fún ìgbà díẹ̀. Nígbà tó yá ni mo wí fún un pé yunifásítì kúkú ń ṣe àyẹ̀wò tirẹ̀ fún àwọn tó fẹ́ wọlé. Kí ló dé tí wọn kò lè fi ìdánwò ìṣirò kan kún un fún ọmọ tó ní upper credit ṣùgbọ́n tó ní D7? Ẹni tó bá fìdí rẹmi, kó máa lọ sílé. Ó ní òun yóò ronú sí i. N kò tí ì gbọ́ èsì.

Mo gbọ́dọ̀ jẹ́wọ́ ohun kan. Èmi náà gba OND wọ ipele kejì láti ka ìmọ̀ ìbánisọ̀rọ̀ ní tèmi. Ìṣirò mi kò dé kírẹ́díìtì, ẹnikẹ́ni kò sì dá mi dúró, torí ẹ̀ka tí mo lọ kò béèrè ju páàsì lọ nígbà náà. Bóyá ìdí nìyí tí n kò fi ronú láti béèrè tirẹ̀.

A kò ra fọ́ọ̀mù lọ́jọ́ náà. A jẹ iyán ní Adó, mo sin ín dé gáréèjì, kò sì sọ̀rọ̀ púpọ̀. Ní ọ̀sẹ̀ kejì ó pè mí pé òun ti forúkọ sílẹ̀ fún ìdánwò àdáṣe, ìṣirò nìkan ni òun ń lé, òun sì ti gbé ìwé òun sí ẹ̀gbẹ́ ìwé gbèsè àwọn oníbàárà nínú ṣọ́ọ̀bù. Lálẹ́ ọjọ́ kan ó tún pè, ó fẹ́ kí n ṣàlàyé logarithm fún òun. Mo ní kó dúró díẹ̀, mo sì gbé fóònù fún ọmọ mi tó wà ní SS1.