Ọjọ́ Méjì n'Ìbàdàn: Ibi Tí Ẹ Ti Máa Jẹun, Ohun Tí Ẹ Máa Ṣe, àti Bí Ẹ Ṣe Máa Kí Wa

1/ Gbogbo ìgbà tí ìsinmi bá ti ń sún mọ́lé ni DM mi máa ń kún: mo ń bọ̀ n'Ìbàdàn fún ọjọ́ méjì, ibo la ti lè jẹun, kí la lè ṣe? Ó tó gẹ́ẹ́. Mo ti kó gbogbo ìdáhùn jọ síbí. Ìbàdàn ni wọ́n bí mi sí, Ìbàdàn náà ni mo ṣì wà, owó ọwọ́ mi ò sì pọ̀. Torí náà ẹ fọkàn balẹ̀, n ò ní rán yín lọ síbi tí owó ìgò omi kan ti tó owó oúnjẹ.

2/ Tẹ́ ẹ bá ń bọ̀ láti Èkó, ẹ wọ ọkọ̀ ojú irin. Láti oṣù kẹfà ọdún 2021 ló ti ń kó èrò. Alágọmejì, n'Ébúté Mẹ́ta, lẹ ti máa wọ̀ ọ́, Mọ́níyà lẹ máa bọ́ sílẹ̀. Ẹ gbọ́ o: Mọ́níyà kì í ṣe àárín ìgboro. Tí awakọ̀ kan bá ní òun máa gbé ẹ̀yin nìkan lọ sí Dùgbẹ̀, ẹ gbọ́ iye kẹ́ ẹ tó gbé báàgì sínú ọkọ̀. Èyí tí àwa máa ń ṣe ni pé ká wọ máíkírà elérò dé Ọ̀jọ́ọ̀, ká tún wọ òmíràn lọ sí Sángo tàbí Mọ́kọ́lá. Ẹ ẹ́ fún pọ̀ díẹ̀ nínú ẹ̀, ṣùgbọ́n owó yín á kù lápò.

3/ Oúnjẹ wá ńkọ́? Àmàlà ni. Ẹ jẹ́ ká má parọ́ fúnra wa. Ṣùgbọ́n àkókò wà fún un. Láàárín aago mọ́kànlá sí aago méjì ọ̀sán ni gbẹ̀gìrì ṣì ki, tí ewédú ṣì ń fà, tí àmàlà ń ti orí iná bọ́ sínú abọ́. Tẹ́ ẹ bá jẹ́ kó di ìrọ̀lẹ́, àwọn tó mọ ibẹ̀ ti ṣa ẹran tó dáa lọ, ẹ̀yin ẹ wá jẹ ìyókù.

4/ Fún ẹni tí kò jẹ ẹ́ rí: iṣu ni àmàlà dúdú. Wọ́n á bẹ iṣu, wọ́n á bọ̀ ọ́ lómi gbígbóná, á sùn nínú omi mọ́jú, wọ́n á sá a sóòrùn títí á fi gan, wọ́n á wá lọ̀ ọ́ di èlùbọ́. Iṣu funfun ló wọ omi o, àmọ́ tí èlùbọ́ bá ti bá omi híhó pàdé nínú ìkòkò, dúdú ló ń jáde. Ẹ̀wà tí wọ́n bó èèpo ẹ̀ ni gbẹ̀gìrì. Tí wọ́n bá da gbẹ̀gìrì, ewédú àti ọbẹ̀ ata pọ̀, àbùlà nìyẹn. Tí wọ́n bá bi yín pé ṣé káwọn dà á pọ̀, ẹ dáhùn pé bẹ́ẹ̀ ni, mà.

5/ Ẹ kọ́kọ́ sọ iye àmàlà tẹ́ ẹ fẹ́, lẹ́yìn náà kẹ́ ẹ yan ẹran: ṣàkì, pọ̀nmọ́, fùkù, abọ́dí, ògúnfe. Àmàlà kọ́ ló ń jẹ owó, ẹran ni. Ẹ bèèrè iye ẹyọ kọ̀ọ̀kan kẹ́ ẹ tó nawọ́ sí i. Kò sí ìtìjú kankan níbẹ̀. Ọ̀gá tó wọ kóòtù tó wà níwájú yín náà ń bèèrè.

6/ Ẹ máa gbọ́ orúkọ Àmàlà Skye ní Bódìjà. Báńkì tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀ ni wọ́n fi ń júwe ẹ̀ fún èèyàn, bẹ́ẹ̀ ni orúkọ báńkì ṣe di orúkọ àmàlà. Ní 2018, Skye Bank kógbá sílé, Polaris gba ipò ẹ̀. Àmàlà ò yí orúkọ padà. N'Ìbàdàn, tí ìkòkò bá ti gba orúkọ, ó gbà á nìyẹn.

7/ Ṣùgbọ́n ibi tó dùn mọ́ mi jù ò ní orúkọ tí mo lè kọ síbí. Bẹ́ẹ ṣe máa dá irú ẹ̀ mọ̀ rèé. Máíkírà mẹ́ta tàbí mẹ́rin á wà níwájú ẹ̀, awakọ̀ ò ní sí nínú ìkankan. Ẹ ẹ́ máa gbọ́ ìró orógùn lára ìkòkò. Àwo ò ní pẹ́ nílẹ̀ kí wọ́n tó fọ̀ ọ́. Ìyá olóúnjẹ á sì máa bá àwọn oníbàárà jà, wọ́n á máa rẹ́rìn-ín. Ẹ jókòó síbẹ̀.

8/ Lórí bẹ́ǹṣì yẹn, ẹni tẹ́ ò mọ̀ rí á bu òkèlè, á ní: ẹ wá jẹun. Kì í ṣe pé ó fẹ́ kẹ́ ẹ ti ọwọ́ bọ àwo òun o. Ẹ dá a lóhùn pé: á gba ibi ire. Ó parí. Láàárín ìṣẹ́jú márùn-ún, ẹ ẹ́ ti mọ orúkọ ọmọ ẹ̀, ẹ ẹ́ sì ti mọ ọ̀nà tí kò ní sún kẹẹrẹ lọ́jọ́ náà. Ìyẹn ni mo ṣe máa ń sọ fún yín pé kẹ́ ẹ má rà á lọ sí òtẹ́ẹ̀lì lọ jẹ.

9/ Tẹ́ ẹ bá yó tán, ẹ lọ sí Ọjà'ba, kẹ́ ẹ gun òkè lọ sí gbọ̀ngàn Màpó. 1929 ni wọ́n ṣí i. Ẹ dúró lábẹ́ àwọn òpó ńlá wọ̀nyẹn kẹ́ ẹ bojú wolẹ̀ wo ìlú. Láti ibẹ̀, ẹ kọjá sí Òkè Àrẹ̀, níbi tí ilé ìṣọ́ Bower wà. Láyípo làwọn ará ìlú ń pè é, torí àtẹ̀gùn ẹ̀ tó ń yí po. 1936 ni wọ́n kọ́ ọ. Robert Lister Bower tí wọ́n fi sọ ọ́ ni òyìnbó àkọ́kọ́ tí ìjọba Gẹ̀ẹ́sì fi ṣe Résídẹ́ǹtì n'Ìbàdàn, ní 1893. Òun náà ló yìnbọn ńlá lu ìlú Ọ̀yọ́ ní 1895. Ẹ mọ ìyẹn kẹ́ ẹ tó gun àtẹ̀gùn ẹ̀.

10/ Ibi tí ọ̀rọ̀ mi wà rèé. Lórí Láyípo, òrùlé páànù tó ti dípàtà lẹ máa rí lọ títí: Bẹẹrẹ, Ọjà'ba, Màpó. Láti ìgbà tí wọ́n ti ń kọ́ wa ní ewì J. P. Clark nípa Ìbàdàn ní ilé ìwé ni ìpàtà ti di àmì ìdánimọ̀ wa. Àlejò máa ń dúró síbẹ̀, á na ìka, á rẹ́rìn-ín, á ya fọ́tò. Ọ̀kan nínú òrùlé wọ̀nyẹn, ti ìyá àgbà mi ni.

11/ Àwọn èèyàn máa ń bi mí pé kí ló dé tẹ́ ẹ ò pààrọ̀ páànù yẹn. Ilé ẹbí ni. Bàbá tó bí bàbá àgbà mi ló kọ́ ọ, amọ̀ ni ara ògiri ẹ̀ lábẹ́ sìmẹ́ńtì. Gbogbo ọmọ ló ni ín, ẹni kan ò lè dá a tà, ẹni kan ò sì lè dá a tún ṣe kó má di ìjà. Sàréè àwọn àgbà wà níbẹ̀. Tí a bá dáwó, owó ilé ìwé á gbé e lọ, tàbí ti ọsibítù. Kì í ṣe pé a ò rí ìpàtà náà.

12/ Ní ọdún díẹ̀ sẹ́yìn, àlejò kan ń kọjá ní àdúgbò. Ìyá àgbà jókòó sórí àpótí níwájú ilé, wọ́n ń já ewédú. Onítọ̀hún gbé fóònù sókè, ó ká wọn sí fídíò, ó lọ. Ó gbé e sórí íńtánẹ́ẹ̀tì, ó ń fi wọ́n ṣe yẹ̀yẹ́ pé ṣé èèyàn ṣì ń gbé irú ilé báyìí. Orí WhatsApp ni màmá mi ti rí i. Ẹni tó fi ránṣẹ́ ò mọ̀ pé ìyá wọn ni. Màmá mi ò jẹun lálẹ́ ọjọ́ yẹn.

13/ Nígbà tá a fi han ìyá àgbà, wọ́n wò ó lẹ́ẹ̀mejì. Wọn ò bínú sí ọ̀rọ̀ tó kọ sábẹ́ ẹ̀. Ohun tí wọ́n bi wá ò ju ẹyọ kan lọ: "Kí ló dé tí ọmọ yẹn ò kí mi?"

14/ Àwọn àgbà ní àlejò lójú, ṣùgbọ́n kò fi ríran. Ìkíni ló ń la ojú àlejò. Ẹni tó bá kí ìyá àgbà pé ẹ kú ìjókòó, wọ́n á ní kó jókòó. Wọ́n á bi í ibi tó ti wá. Wọ́n á sọ ẹni tó kọ́ ilé náà fún un, àti ohun tí ojú wọn rí nígbà Omíyalé ọdún 1980, tí odò Ògùnpa kún àkúnya. Tó bá wá ní òun fẹ́ ya fọ́tò, wọ́n á ní kó dúró ná, káwọn lọ wé gèlè.

15/ Torí náà, kẹ́ ẹ tó gbé fóònù sókè ní Bẹẹrẹ, ẹ kí wọn. Ẹ kú iṣẹ́, ẹ kú ọjà, ẹ kú ìjókòó. Tí Yorùbá yín ò dán mọ́rán, kò burú. Àwa náà ń pe ṣ ní s, gbogbo ayé ló ń fi wá ṣe yẹ̀yẹ́. Ẹ bèèrè kẹ́ ẹ tó yà á. Tí wọ́n bá kọ̀, ẹ dúpẹ́ kẹ́ ẹ máa lọ.

16/ Ní ìrọ̀lẹ́, ẹ gba Dùgbẹ̀ kẹ́ ẹ wo Cocoa House. Àjà 26. Owó kòkó ni wọ́n fi kọ́ ọ, ó parí ní 1965, iná jó o ní 1985, ó tún ṣí padà ní 1992. Tẹ́ ẹ bá ń ro ẹni tó gbé e dúró, ẹ ro àgbẹ̀ tó wà lábẹ́ òrùlé páànù ní abúlé. Láti ibẹ̀, ẹ lọ jẹ súyà ní Sábó, nítòsí Mọ́kọ́lá. Láti 1916 làwọn Hausa ti tẹ̀dó síbẹ̀. Ẹ ní kí wọ́n bu ata sí i níwọ̀nba.

17/ Ọjọ́ kejì ò le. Ẹ jẹ àkàrà àti ẹ̀kọ láàárọ̀. Ẹ lọ sí Yunifásítì Ìbàdàn, tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 1948, kẹ́ ẹ wo ọgbà ẹranko. Tó bá jẹ́ ìsinmi lásán lẹ fẹ́, ọgbà Agodi dáa. Omíyalé yẹn náà bà á jẹ́, wọ́n ti tún un ṣe. Ẹ wá ra èlùbọ́ ní ọjà Bódìjà kẹ́ ẹ tó padà sí Mọ́níyà. Ẹ ná an dáadáa, àmọ́ ẹ kí ìyá tó ń tà á ná. Owó á wálẹ̀ ju bẹ́ ẹ ṣe rò lọ.

18/ Ó tán. Ẹ fi thread yìí pamọ́, kẹ́ ẹ fi ránṣẹ́ sí ẹni tó ń bọ̀. Ẹni tó bá mọ bùkà tó dáa, kó júwe ẹ̀ sísàlẹ̀, kó má gbàgbé àdúgbò àti aago tí ẹran máa ń tán.