Ojú Tí Olùkọ́ Fi Ń Wo Ọmọ

Ẹ̀yin abilékọ, ẹ̀yin ìyá ọlọ́mọ wẹ́wẹ́, ọ̀rọ̀ ilé-ẹ̀kọ́ ni mo fẹ́ bá yín sọ lóṣù yìí. Kì í ṣe ti owó ìwé, bẹ́ẹ̀ ni kì í ṣe ti aṣọ. Ojú tí olùkọ́ fi ń wo ọmọ kí ọmọ tó lanu sọ̀rọ̀ ni.

Olùkọ́ tí ó kórìíra ọmọ kò wọ́pọ̀. Èyí tí ó wọ́pọ̀ ni olùkọ́ rere tí èrò kan ti fìdí múlẹ̀ sí lọ́kàn láìfura: pé ọmọbìnrin kò lórí ìṣirò, pé ọmọ tí kò gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì kò ní ọpọlọ, pé ọmọ alágbàṣe kò lè ta ọmọ akọ̀wé yọ. Àwọn àgbà ní gbogbo alángbá ni ó danú délẹ̀, a kò mọ èyí tí inú ń run. Nínú kíláàsì ẹ̀wẹ̀, ọjọ́ kìn-ín-ní ni a ti ń tọ́ka sí i.

Nígbà tí ọmọ mi obìnrin wà ní kíláàsì kẹrin, ó dédé sọ pé òun kò fẹ́ ìṣirò mọ́. Mo yẹ ìwé rẹ̀ wò, ó ń gbà á. Nígbà tí mo wádìí, ó ní bí olùkọ́ àwọn bá kọ ìṣirò tí ó le sójú pátákó, yóò ní, "Ẹ̀yin ọkùnrin dà?" Bí ó bá di kí a nu pátákó, ìgbà náà ni ó máa ń rántí àwọn obìnrin. Mo lọ kí olùkọ́ náà. N kò bá a jà, nítorí ẹni tí a bá bá jà, àwíjàre ni yóò máa wí. Mo dúpẹ́ iṣẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀, mo sì bẹ̀ ẹ́ pé kí ó bá mi máa fa ìlà sínú ìwé fún ọ̀sẹ̀ kan péré, ìlà kan fún ọkùnrin tí ó bá pè, ìlà kan fún obìnrin. Ó rẹ́rìn-ín: "Màmá Bọ́sẹ̀, bákan náà ni mo ń pe gbogbo wọn." Nígbà tí ọ̀sẹ̀ parí, òun fúnra rẹ̀ ni ó fi ìwé náà hàn mí. Ti ọkùnrin kún ojú ewé. Ti obìnrin kò ju ìka ọwọ́ méjèèjì lọ. Ẹnu yà á jù mí lọ.

Ẹ má ṣe pe èyí ní ọ̀rọ̀ kékeré. Ní 1968, Robert Rosenthal àti Lenore Jacobson tẹ ìwé kan jáde lórí ohun tí wọ́n ṣe ní ilé-ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ kan ní California, ní Amẹ́ríkà. Wọ́n sọ fún àwọn olùkọ́ pé ìdánwò ti fi hàn pé àwọn ọmọ kan báyìí yóò tayọ lọ́dún náà. Irọ́ ni, ńṣe ni wọ́n ṣa orúkọ wọn bí ẹni ṣẹ́ kèké. Nígbà tí ọdún yí po, ìdánwò òye àwọn tí ó kéré jù nínú wọn gòkè ju ti ẹgbẹ́ wọn lọ. Àwọn onímọ̀ mìíràn jiyàn lórí bí àǹfààní náà ti tó, ṣùgbọ́n ìyá tí ó bá ti rí ọmọ tí a ń pè ní olódo lójoojúmọ́ kò ní wá ẹlẹ́rìí lọ sí California.

Ti èdè ńkọ́? Ní 1970, Ọ̀jọ̀gbọ́n Babs Fáfúnwá àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Yunifásítì Ifẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí fi Yorùbá kọ́ àwọn ọmọ ní ẹ̀kọ́ wọn fún ọdún mẹ́fà gbáko, Gẹ̀ẹ́sì sì jẹ́ ẹ̀kọ́ kan láàrin àwọn yòókù. Àwọn ọmọ náà kò rẹ̀yìn. Síbẹ̀, ilé-ẹ̀kọ́ wà títí di òní tí ó ń fìyà jẹ ọmọ tí ó bá sọ Yorùbá. Bí ọmọ náà bá wá dákẹ́, wọ́n á ní kò mọ nǹkan kan.

Ilé ni a sì ti ń kó ẹ̀ṣọ́ ròde. Àwa tí a ń bi ọmọbìnrin pé kí ni ó fẹ́ fi ìṣirò ṣe, tí a ń gbá ọwọ́ òsì ọmọ kí ó lè fi ọ̀tún kọ̀wé, kí ni a fẹ́ kí olùkọ́ ṣe? Grace Alele-Williams fi ẹ̀kọ́ nípa ìṣirò gba oyè ọ̀mọ̀wé ní 1963. Ní 1985 ó di obìnrin àkọ́kọ́ tí ó jẹ́ gíwá yunifásítì ní Nàìjíríà.

Níbi ìpàdé òbí àti olùkọ́ tí ó ń bọ̀, ẹ bẹ olùkọ́ kí ó máa bo orúkọ ọmọ mọ́lẹ̀ bí ó bá ń máàkì ìwé, kí ó sì máa ka oókan dé aárùn-ún nínú ara rẹ̀ kí ó tó gba ìbéèrè lẹ́nu ọmọ tí ó ń lọ́ra. Olùkọ́ tí ọmọ kún iwájú rẹ̀ fọ́fọ́ kò ráyè. Ẹ mú ìwé kékeré kan àti bírò lọ fún un. Bí ó bá fajú ro, ẹ tún padà lọ kí i lọ́sẹ̀ kejì.