Lẹ́tà láti Manchester: Lẹ́yìn Ìrìn Gbọọrọ, Ṣé Ìrìn Ráńpẹ́ Tún Wúlò?

Pennine Way wà lára àwọn ọ̀nà ẹsẹ̀ tó gbajúmọ̀ jù ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Edale ló ti bẹ̀rẹ̀, abúlé kékeré kan tí ọkọ̀ ojú irin láti Manchester kì í lò tó wákàtí kan kó tó débẹ̀. Kirk Yetholm ló parí sí, lẹ́yìn ààlà, ní Scotland. Gígùn rẹ̀ jẹ́ máìlì 268, ìyẹn kìlómítà 431, ẹni tó bá sì rìn ín tán lẹ́ẹ̀kan máa ń lo nǹkan bí ọjọ́ 16 sí 19. Àgọ́, aṣọ òjò, ìkòkò kékeré àti oúnjẹ ọjọ́ mélòó kan ni yóò gbé pọ̀n títí yóò fi dé òpin. Ohun tó ń ṣẹlẹ̀ lẹ́yìn náà ni ọ̀rọ̀ inú lẹ́tà yìí. Arìnrìn-àjò náà ti padà sílé, ó ti padà sẹ́nu iṣẹ́, Sátidé sì dé tí ọ̀rẹ́ kan ní kí àwọn jọ lọ gun òkè kan fún wákàtí mẹ́ta. Ọ̀pọ̀ wọn kì í lọ. Wọ́n á ní kí ni ẹni tó ti rin máìlì 268 tún fẹ́ fi máìlì mẹ́fà ṣe.

Ọ̀rọ̀ náà kì í ṣe ìgbéraga lásán. Ìrìn gbọọrọ ní ohun tó ń ṣe fún èèyàn tí ìrìn ọjọ́ kan kò lè ṣe. Ní ọjọ́ mẹ́ta sí mẹ́rin àkọ́kọ́, ìyà ni: okùn báàgì á máa bó èjìká, ìléròrò á yọ ní gìgísẹ̀, orúnkún á máa dun èèyàn bó bá ń sọ̀kalẹ̀. Nígbà tó bá di ọ̀sẹ̀ kejì, ara á ti gbà fún un. Ẹsẹ̀ á ti wú díẹ̀, tó bẹ́ẹ̀ tí àwọn kan fi ń ra bàtà tó tóbi ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Ebi á máa pa wọ́n bí ẹni tó kọbè láti àárọ̀. Oorun á máa kùn wọ́n kí ilẹ̀ tó ṣú tán. Ti ọkàn ló wá jinlẹ̀ jù. Ohun tí èèyàn ń rò láti àárọ̀ dalẹ́ kò ju mẹ́rin lọ: ibi tí omi wà, ibi tí a ó sùn, ohun tí a ó jẹ, àti bóyá òjò yóò rọ̀. Kò sí ọ̀gá, kò sí owó iná, kò sí ìpàdé. Àìsí àwọn nǹkan wọ̀nyí ni ọ̀pọ̀ ń ṣàárò nígbà tí wọ́n bá dé ilé, kì í ṣe máìlì tí wọ́n rìn.

Ìrìn ọjọ́ kan kò lè fún wọn ní ìyẹn, kò sì yẹ kí ẹnikẹ́ni parọ́ fún wọn pé ó lè ṣe é. Láti orí àga ọkọ̀ ojú irin ni wọ́n ti ń ronú ọkọ̀ tí yóò gbé wọn padà. Fóònù kò sinmi. Nígbà tí itan bá fi máa móoru tí mímí á sì wálẹ̀, orí òkè ti dé, ó ti kù kí wọ́n máa sọ̀kalẹ̀. Bí ẹni náà bá ń wá ìfọ̀kànbalẹ̀ ọ̀sẹ̀ kejì nínú wákàtí kejì, yóò padà sílé pẹ̀lú ìbínú, yóò sì ní ìrìn ráńpẹ́ kò dára.

Síbẹ̀, ìrìn ọjọ́ kan ló bí ọ̀nà gbọọrọ yìí. Ní ọjọ́ Àìkú, ọjọ́ 24 oṣù Kẹrin ọdún 1932, nǹkan bí irinwó èèyàn, tí ọ̀pọ̀ wọn jẹ́ òṣìṣẹ́ láti Manchester àti agbègbè rẹ̀, gba abúlé Hayfield gun òkè Kinder Scout. Àwọn ọlọ́lá ló ni ilẹ̀ orí òkè náà nígbà náà. Wọ́n dá a sí fún ọdẹ ẹyẹ, àwọn ẹ̀ṣọ́ wọn kì í sì í jẹ́ kí mẹ̀kúnnù tẹ ibẹ̀. Benny Rothman, ọmọ ogún ọdún, ló ṣáájú wọn. Àwọn àti àwọn ẹ̀ṣọ́ náà jà, ọlọ́pàá mú àwọn kan, márùn-ún nínú wọn sì lọ sẹ́wọ̀n. Ọjọ́ Àìkú nìkan ni àwọn èèyàn yìí ní. Iṣẹ́ ń dúró dè wọ́n lọ́jọ́ Ajé. Ọdún mẹ́ta lẹ́yìn náà, àwọn ọ̀dọ́bìnrin méjì láti Amẹ́ríkà kọ lẹ́tà sí akọ̀ròyìn kan tó ń jẹ́ Tom Stephenson, wọ́n ní ṣé ọ̀nà kan wà nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì tó dà bí Appalachian Trail ti ìlú àwọn. Kò sí. Stephenson wá kọ ọ́ sínú ìwé ìròyìn Daily Herald ní ọdún 1935 pé kí wọ́n la irú rẹ̀ sórí àwọn òkè Pennine. Òfin àwọn ọgbà ìtura orílẹ̀-èdè jáde ní 1949, Peak District di àkọ́kọ́ nínú wọn ní 1951, wọ́n sì ṣí Pennine Way ní ọjọ́ 24 oṣù Kẹrin ọdún 1965. Ó tó ọgbọ̀n ọdún kí ohun tí Stephenson bèèrè tó bọ́ sí i.

Kinder Scout yìí kan náà ni ibi tó dára jù láti fi mọ ohun tí ìrìn ráńpẹ́ ń fúnni. Gíga rẹ̀ jẹ́ mítà 636, òun ló ga jù ní Peak District. Ọjọ́ kìíní ni ẹni tó ń rin Pennine Way ń gba ibẹ̀ kọjá, nígbà tí báàgì wúwo jù tí èjìká kò sì tíì gbà. Ẹsẹ̀ ara rẹ̀ ló ń wò. Ohun tí ojú ọjọ́ bá fún un lọ́jọ́ náà ni yóò rí, bí ìkùukùu bá sì bo òkè, kò rí nǹkan kan nìyẹn. Kò ní dúró dè é, nítorí ó kù ju máìlì 250 lọ.

Ẹni tó bá ń lọ síbẹ̀ léraléra ló máa ń rí ohun tó wà níbẹ̀. Yóò rí omi Kinder Downfall, tó ń já bọ́ láti ibi tó ga tó ọgbọ̀n mítà. Bí atẹ́gùn líle bá ń fẹ́ láti ìwọ̀ oòrùn, omi náà kì í délẹ̀: atẹ́gùn á gbé e padà sókè, á sì dà á lé orí ẹni tó dúró létí bèbè. Ní oṣù Kẹjọ, òdòdó heather á sọ ẹ̀gbẹ́ òkè di àwọ̀ àlùkò. Nígbà òtútù, irun ehoro orí òkè á di funfun. Peak District nìkan ló kù tí irú ehoro yìí wà ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, bí yìnyín ò bá sì tètè bọ́, ẹranko funfun á wà lórí ilẹ̀ dúdú tí kò ní ibi sá sí lójú èèyàn. Ẹni tó gba ibẹ̀ kọjá lẹ́ẹ̀kan péré, ọ̀kan nínú nǹkan wọ̀nyí ló lè rí.

Ilẹ̀ tí à ń tẹ̀ níbẹ̀ pàápàá ní ìtàn. Ilẹ̀ dúdú rírọ̀ tí wọ́n ń pè ní peat ló bo orí àwọn òkè náà, ẹsẹ̀ èrò sì ti sọ ọ́ di ẹrẹ̀ tó ń gbé èèyàn mì dé orúnkún. Láti gbà á sílẹ̀, wọ́n fi hẹlikópítà gbé àwọn òkúta pẹlẹbẹ wá, wọ́n sì tò wọ́n sójú ọ̀nà. Púpọ̀ nínú òkúta náà wá láti ilẹ̀ẹ́lẹ̀ àwọn ilé iṣẹ́ aṣọ òwú tí wọ́n wó ní Lancashire. Lára wọn ṣì ní ihò ibi tí wọ́n ti kan ẹ̀rọ mọ́lẹ̀. Irú àwọn ilé iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ ló ń hun aṣọ funfun tí ọkọ̀ ojú omi ń kó wá sí Èkó, tí àwọn aláró Abẹ́òkúta àti Ìbàdàn ń rà láti fi ṣe àdìrẹ. Ẹni tó ń rin ọjọ́ kan láyè láti bẹ̀rẹ̀ wo ihò náà.

Bí ẹnikẹ́ni bá ṣì ń ṣiyèméjì, kí ó wo Alfred Wainwright. Blackburn ni wọ́n ti bí i ní 1907. Ọmọ ọdún 23 ni nígbà tó kọ́kọ́ dé Lake District tó sì gun Orrest Head, òkè kékeré kan lókè ìlú Windermere tí gígùn rẹ̀ kò gbà ju nǹkan bí ìdajì wákàtí lọ. Ohun tó rí níbẹ̀ ló mú un ṣí wá sí Kendal lẹ́yìn náà. Ìṣirò owó ìlú ni iṣẹ́ rẹ̀, kì í wa mọ́tò, òpin ọ̀sẹ̀ nìkan ló ń rí lò, bọ́ọ̀sì ló sì ń wọ̀ lọ sí ẹsẹ̀ òkè. Lọ́nà yìí ló fi gun òkè 214 ní Lake District, tó fi ọwọ́ ara rẹ̀ ya wọ́n, tó sì kọ ìwé méje lórí wọn láàárín 1955 àti 1966. Títí di òní, àwọn ìwé náà ni àwọn arìnkè ń kì mọ́ àpò. Òun náà rin Pennine Way, ó sì kọ ìwé lórí rẹ̀ ní 1968, ṣùgbọ́n kò fi bò pé kò dùn mọ́ òun; ẹrẹ̀ Black Hill, òkè kan lójú ọ̀nà náà, dì í mú títí ẹ̀ṣọ́ ọgbà kan fi fà á yọ. Ó ṣèlérí pé òun yóò san owó bíà fún gbogbo ẹni tó bá parí rẹ̀ ní Kirk Yetholm, bóyá láti fi tù wọ́n nínú.

Ìdí mìíràn wà tó kan àwọn ọmọ Yorùbá tó ń gbé níbí gan-an: ọjọ́ ìsinmi. Òfin ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì fún ẹni tó ń ṣiṣẹ́ ọjọ́ márùn-ún lọ́sẹ̀ ní ọjọ́ 28 lọ́dún, ó kéré tán, agbanisíṣẹ́ sì lè ka àwọn ọlidé ìjọba mọ́ ọn. Nọ́ọ̀sì tó bá fi ọ̀sẹ̀ mẹ́ta rin Pennine Way kò ní rí ọjọ́ púpọ̀ mú wálé ní oṣù Kejìlá, ìyá rẹ̀ kò sì ní gbọ́ àlàyé òkè àti ẹrẹ̀. Ìrìn gbọọrọ jẹ́ ohun tí èèyàn lè ṣe lẹ́ẹ̀kan láàárín ọdún púpọ̀. Bí kò bá sí ìrìn ráńpẹ́, jíjókòó sílé ló kù. Rhiane Fatinikun, tí orúkọ ìdílé rẹ̀ kò ṣàjèjì létí wa, wà nínú ọkọ̀ ojú irin tó ń gba Peak District kọjá nígbà tí èrò rírìn lórí òkè sọ sí i lọ́kàn. Ó dá ẹgbẹ́ Black Girls Hike sílẹ̀ ní 2019, ìrìn ọjọ́ kan ni wọ́n sì fi bẹ̀rẹ̀; ìyẹn ni obìnrin tó ní iṣẹ́ àti ọmọ lè bá lọ.

Ti ara kò le láti ṣàlàyé. Agbára ọkàn àti ẹ̀dọ̀fóró tí èèyàn kó jọ lójú ọ̀nà gbọọrọ ń bẹ̀rẹ̀ sí í dínkù láàárín ọ̀sẹ̀ díẹ̀ tó bá ti jókòó, ṣùgbọ́n ebi kì í tètè lọ pẹ̀lú rẹ̀, ikùn á sì fi hàn. Ìsọ̀kalẹ̀ ló máa ń dun itan jù, kì í ṣe ìgòkè. Síbẹ̀ bí èèyàn bá ń sọ̀kalẹ̀ lórí òkè kan ní ọ̀sẹ̀ mélòó kan síra, itan kì í gbàgbé, ìrora kì í sì í le mọ́.

Àwọn tó ti rìn jìnnà ní àṣìṣe tiwọn lórí òkè kékeré. Àwọn kan á sọ ọ́ di eré sísá. Àwọn mìíràn kò ní mú máàpù, aṣọ òtútù tàbí fèrè, nítorí wọ́n rò pé máìlì mẹ́fà kò tó nǹkan, bẹ́ẹ̀ orí Kinder tẹ́jú, ìkùukùu sì ti sọ ọ̀pọ̀ nù níbẹ̀. Ìṣirò tí William Naismith ṣe ní 1892 ṣì wúlò: wákàtí kan fún máìlì mẹ́ta, kí a fi wákàtí kan kún un fún gbogbo ẹsẹ̀ bàtà 2,000 tí a bá gùn. Máìlì mẹ́fà àti ẹsẹ̀ bàtà 1,500 yóò gba wákàtí méjì àti ìṣẹ́jú 45, láìka ìsinmi. Bí nǹkan bá ṣe, 999 ni kí a pè, kí a bèèrè ọlọ́pàá, kí a wá ní kí wọ́n ké sí mountain rescue, àwọn tó ń gba èèyàn là lórí òkè. Àwọn tó ń wá kò gba owó oṣù.

Fún ẹni tí àárò òru inú àgọ́ ń ṣe, ọjọ́ méjì pẹ̀lú oorun kan láàárín sàn ju ọjọ́ kan lọ. Òfin Scotland ti 2003 gba èèyàn láyè láti pàgọ́ sórí ilẹ̀ gbangba bí kò bá ba nǹkan jẹ́. Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, àyàfi àwọn apá kan ní Dartmoor, àfi kí a kọ́kọ́ gba àṣẹ ẹni tó ni ilẹ̀.

Ẹni tó bá fẹ́ kí Sátidé kan fún òun ní ohun tí ọ̀sẹ̀ mẹ́ta fún un, kí ó má fi owó ọkọ̀ ṣòfò. Kí ó tọ́jú rẹ̀ de ìrìn gbọọrọ mìíràn. Ẹni tó bá fẹ́ mọ ibì kan dénú, ìrìn ráńpẹ́ ló yẹ ẹ́, ìrìn gbọọrọ kò sì lè ṣe é fún un. Bí ẹ bá ní ọmọ tàbí àbúrò ní Manchester tàbí Sheffield tó ti ń jókòó sílé láti ìgbà tó ti parí Pennine Way, ẹ bá wa sọ fún un pé ọkọ̀ Edale ń lọ lọ́jọ́ Àìkú pẹ̀lú.