Lẹ́tà S Kan Ló Kó Bá Mi

Gbogbo ẹni tó wà níbẹ̀ lọ́jọ́ Fúráìdé yẹn ló mọ̀ pé èmi ni mo jẹ́ kí àwa Science fìdí rẹmi fún Arts nínú Scrabble. Mi ò ní sá fún un. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí n sọ bó ṣe ṣẹlẹ̀, torí ó lè ran ẹlòmíì lọ́wọ́ kí WAEC tó dé.

Láti tẹ́ẹ̀mù tó kọjá ni mo ti ń há ọ̀rọ̀ sórí. Agboyi là ń gbé, ọkọ̀ ojú omi ni mò ń wọ̀ kí n tó bọ́ sí Kétu láràárọ̀, inú ọkọ̀ yẹn ni mo ti ń ka ìwé pélébé mi. QI, ZA, XU, AA. Àwọn ọ̀rọ̀ oní-lẹ́tà méjì tí wọ́n ń gbà nínú ìdíje lé ní 120, mo há gbogbo wọn. Mo wá bọ́ sórí àwọn oní-lẹ́tà mẹ́rin tó ní Q, Z, J tàbí X nínú, torí àwọn ni pọ́ìǹtì wọn pọ̀ jù: Q àti Z jẹ́ 10, J àti X jẹ́ 8. Ìtumọ̀ ńkọ́? Mi ò tiẹ̀ wo apá ibẹ̀. Ta ló ń béèrè ìtumọ̀ nínú Scrabble?

Mo sì ní ẹlẹ́rìí. Nigel Richards, ọmọ New Zealand, gba ife ẹ̀yẹ àgbáyé Scrabble èdè Faransé lọ́dún 2015, bẹ́ẹ̀ kò gbọ́ Faransé. Ó kàn há ọ̀rọ̀ wọn sórí ni. Lóṣù November ọdún yẹn kan náà, Wellington Jighere tiwa na Lewis MacKay, ọmọ England, 4-0 ní ìlú Perth ní Australia, ó sì di ọmọ Áfíríkà àkọ́kọ́ tó máa jẹ́ ọ̀gá lágbàáyé nínú Scrabble èdè Gẹ̀ẹ́sì. Mo ní èmi náà á ṣe bíi tiwọn.

Ó dọjọ́ Fúráìdé. Ní àárín ìdíje, mo ta VEXT, 14, gbogbo Science pàtẹ́wọ́. Nígbà tó yá, lẹ́tà tán nínú àpò. Arts fi 11 ṣáájú wa. Lẹ́tà mẹ́ta péré ló kù sí mi lọ́wọ́: S, I, T. Mo fi S sí ìdí VEXT, mo sì to SIT wálẹ̀ láti ibẹ̀. VEXTS jẹ́ 15, SIT jẹ́ 3, ó di 18. A ti borí! Mo tilẹ̀ ti dìde.

Ọmọbìnrin Arts tó jókòó níwájú mi ò mira. Ó kàn ní, "Challenge."

Olùkọ́ tó ń ṣe rẹfirí yẹ̀ ẹ́ wò. VEXT wà níbẹ̀. VEXTS ò sí. Wọ́n ní kí n kó lẹ́tà mi kúrò, mo gba òdo, ọmọbìnrin náà ta èyí tó kù lọ́wọ́ rẹ̀, eré parí.

Ó wá bi mí pé kí ni ìtumọ̀ VEXT. Mi ò rí nǹkan sọ. Ó ní, "Vex náà ni! Bíi vexed. Inú ti bí onítọ̀hún, ó ti kọjá. S wo lo tún ń wá síbẹ̀?"

Nírọ̀lẹ́, èmi àti ìyá àgbà jọ wọkọ̀ padà sí Agboyi, apẹ̀rẹ̀ tòmátò tí wọ́n rà ní Mile 12 wà láàárín wa. Mo rò ó fún wọn. Wọ́n rẹ́rìn-ín títí ọkọ̀ fi ń mì. Wọ́n ní, "Vex tí àwọn kọ́ńdọ́ tò ń pariwo lójoojúmọ́? Èmi tí mi ò lọ sílé ìwé mọ vex, ọkọ mi." Wọ́n wá ní, "Tí mo bá pa àlọ́ ọ̀pá tẹ́ẹ́rẹ́ tó kanlẹ̀ tó kan ọ̀run fún ọ, tí èmi fúnra mi ò mọ̀ pé òjò ni, ṣé mo pàlọ́ nìyẹn?"

Ọ̀rọ̀ yẹn ò kúrò lọ́kàn mi. Mo rántí máàkì Gẹ̀ẹ́sì mi nínú ìdánwò tó kọjá. Ibi tí wọ́n ti ní ká mú ọ̀rọ̀ tó sún mọ́ra jù ní ìtumọ̀, ibẹ̀ gan-an ni mo ti ṣubú. Èmi tí mo mọ QI! Richards ò jẹ̀bi o, ó gba ife ẹ̀yẹ rẹ̀. Ṣùgbọ́n òun ò ní fi Faransé jókòó WAEC.

Ní báyìí, mo ti fa ìlà sínú ìwé mi: ọ̀rọ̀, ìtumọ̀, àti ohun tó lè tẹ̀ lé e. QI ni agbára ìwàláàyè tí àwọn ará Ṣáínà gbà gbọ́. ZA ni ìkékúrú pizza. XU jẹ́ owó kékeré tí wọ́n ń ná ní Vietnam nígbà kan rí. AA ni òkúta tó ń tú jáde láti inú òkè oníná, èyí tí ara rẹ̀ rí págunpàgun. FELTY, tí Jighere ta ní àṣekágbá, ni ohun tó fara jọ felt, aṣọ nínípọn tí wọ́n ń fi irun àgùntàn ṣe. Ẹni tó bá mọ felt láṣọ, kò ní pẹ́ kó tó rí i pé Y lè jókòó sídìí rẹ̀. FUFU náà wà níbẹ̀, ORISHA náà wà níbẹ̀. Àwọn yẹn ò gbà mí ní àkókò kankan.

Mo ti bẹ Press Club kí wọ́n fún mi ní igun kékeré lórí bọ́ọ̀dù yìí. Ọ̀rọ̀ mẹ́ta ni màá máa lẹ̀ síbẹ̀ lọ́sẹ̀, pẹ̀lú ìtumọ̀ wọn. Ẹni tó bá rí àṣìṣe nínú rẹ̀, kó pe challenge. Mi ò ní vex.