Ọgbà Inú Gíláàsì ní Ilẹ̀ Àjò

Lítà omi kan wúwo tó kílò kan. Mo fi èyí ṣáájú nítorí pé òun ni ó yẹ kí ẹnikẹ́ni kọ́kọ́ mọ̀ kí ó tó ní òun fẹ́ sin ẹja sínú gíláàsì nínú pálọ̀. Táǹkì tó wà nílé wa ní Port Harcourt gùn ní 60 sẹ̀ǹtímítà, ó fẹ̀ ní 30, ó sì ga ní 36. Omi tó lè gbà tó nǹkan bí lítà 65. Bí ẹ bá fi yanrìn, òkúta, igi àti gíláàsì fúnra rẹ̀ kún un, kò jìnnà sí àpò sìmẹ́ǹtì méjì. Tábìlì lásán kò lè gbé e. Ibi tí ẹ bá sì gbé e kalẹ̀ sí, ibẹ̀ ni yóò máa wà, nítorí bí ẹ bá gbé e tòun tomi inú rẹ̀, gíláàsì lè là. Ohun tí a kò lè gbé rìn ni.

Nínú ẹbí wa, ohun tí a kò lè gbé rìn, a kì í rà á. Ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́ ni ìyá àgbà tó bí màámi, ṣùgbọ́n Kumasi ló ti ṣòwò, ibẹ̀ ló ti bímọ, ibẹ̀ ló sì kọ́lé sí. Àwọn àgbà inú ìjọ mọ ìtàn yìí dáadáa: àwọn oníṣòwò láti Ògbómọ̀ṣọ́ àti Ṣakí ló gbé ìsìn Baptist wọ ọ̀pọ̀ ìlú ní Ghana, bí wọ́n ti gbé e dé òkè Ọya níhìn-ín. Ní ọjọ́ 18 oṣù kọkànlá ọdún 1969, ìjọba Busia pàṣẹ pé kí gbogbo àjèjì tí kò ní ìwé ìgbélùú kúrò láàárín ọ̀sẹ̀ méjì. Ìyá àgbà di ẹrù tó lè dì. Ilé, àti owó ọjà tó wà lọ́wọ́ àwọn oníbàárà, ó fi gbogbo rẹ̀ sílẹ̀. Láti ìgbà náà títí tí Olúwa fi pè é, ọ̀rọ̀ kan ló ń bá tọmọtọmọ sọ: ní ilẹ̀ àjò, ohun tí o lè rù ni kí o rà.

Mi ò bá a jiyàn. Ẹni tí ejò bá ti bù jẹ rí, bó bá rí ekòló yóò sá. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ náà bá wa dé Port Harcourt. Ọdún mọ́kànlá la ti lò níbí, àpótí mẹ́rin sì wà lábẹ́ ibùsùn tí a kò tíì tú. Kọ́tìnì ojú fèrèsé kò tilẹ̀ bára mu. A ní a ó ra èyí tó dára bí a bá délé.

Ọmọ wa obìnrin, ọmọ ọdún mẹ́wàá, ló béèrè fún ẹja. Port Harcourt la bí i sí. Bàbá rẹ̀ dá a lóhùn bí a ti máa ń dáhùn gbogbo nǹkan: kí ó ní sùúrù, bí a bá délé a ó rà á. Ọmọ náà wojú bàbá rẹ̀, ó ní, “Dádì, ilé wo?”

Kò fi ṣe àfojúdi. Ó fẹ́ mọ̀ ni.

Lálẹ́ ọjọ́ náà ni mo ṣí Jeremiah orí 29. Ẹsẹ̀ 11 la mọ̀ jù níbẹ̀, òun la máa ń kọ sára kálẹ́ńdà, òun la fi ń kí ara wa lọ́dún tuntun. Ṣùgbọ́n lẹ́tà ni orí náà, ẹni tó bá sì gba lẹ́tà, láti òkè ló ti ń kà á. Àwọn tí a kó ní ìgbèkùn lọ sí Babiloni ni wòlíì náà kọ ọ́ sí. Kí ó tó dé ọ̀rọ̀ ìrètí tí a fẹ́ràn yẹn, ó ti sọ fún wọn pé kí wọ́n kọ́lé, kí wọ́n gbin ọgbà, kí wọ́n jẹ èso rẹ̀, kí wọ́n sì máa gbàdúrà fún ìlú tí wọ́n wà. Ní orí 28, Hananiah ti sọ fún àwọn èèyàn pé láàárín ọdún méjì ohun gbogbo yóò ti padà sípò. Ọdún 70 ni Jeremiah pè é. Ẹni tó bá gba ọdún méjì gbọ́ kò ní gbin igi eléso. Mo pa Bíbélì dé, mo wo kọ́tìnì wa.

Ní Sátidé tó tẹ̀lé e, ọkọ mi lọ sọ́dọ̀ ẹni tó ń gé gíláàsì.

Ẹ jẹ́ kí n sọ bí a ti ṣe é, nítorí pé àwọn kan nínú ìjọ ti ń béèrè. Omi ni ìṣòro àkọ́kọ́. Kò sí ará Port Harcourt tí kì í ráhùn omi bọhóòlù rẹ̀. Ó kan díẹ̀, irin sì pọ̀ nínú rẹ̀. Ẹ fi fọ aṣọ funfun lẹ́ẹ̀mẹ́ta, aṣọ náà á gba àwọ̀ irin tó dógùn-ún. A pọn ọ́n sínú dúróòmù, a fi ẹ̀rọ kékeré fẹ́ afẹ́fẹ́ sí i títí di ọjọ́ kejì kí irin rẹ̀ lè sílẹ̀ bíi gẹ̀dẹ̀gẹ́dẹ̀, a wá rọra bu tòkè. Ẹni tó bá ń lo omi ẹ̀rọ ìjọba, klorínì ni yóò bá jà: kí ó bu omi náà sílẹ̀ nínú ohun tí ẹnu rẹ̀ fẹ̀ fún wákàtí 24, púpọ̀ nínú rẹ̀ á fẹ́ lọ. Ohun tó yà mí lẹ́nu ni pé omi kíkan tí a ń bú yìí, irú rẹ̀ gan-an ló wà nínú odò tí ẹja tí a sìn ti wá.

Yanrìn odò ni kí ẹ lò, kì í ṣe ti etí òkun tí iyọ̀ àti ìkarahun wà nínú rẹ̀. Ẹ ṣàn án bí ẹni ń ṣan ìrẹsì títí omi rẹ̀ yóò fi mọ́. Iná LED kan tó, wákàtí mẹ́fà sí mẹ́jọ lójúmọ́. Ẹ má gbé táǹkì sí ibi tí oòrùn ti ń wọlé, àìjẹ́bẹ́ẹ̀ ohun aláwọ̀ ewé tó máa ń yọ̀ lára ìkòkò omi yóò gba gbogbo gíláàsì. Asẹ́ wa jẹ́ fóòmù kan tí afẹ́fẹ́ ń gba inú rẹ̀ kọjá, ẹ̀rọ rẹ̀ sì lè lo bátìrì, ẹ̀yin náà mọ bí iná ti rí. Nítorí iná kan náà, ẹ jẹ́ kí ewéko pọ̀, kí ẹja mọ níwọ̀n.

Ewéko méjì la lò. Èkíní ni ojúoró tí gbogbo wa mọ̀, tí àwọn bàbá wa fi máa ń súre nítorí pé kò sí omi tó lè bò ó mọ́lẹ̀. Ó wúlò gan-an: gbòǹgbò rẹ̀ tó rọ̀ sínú omi bí irùngbọ̀n ń fa ìdọ̀tí mu, ó sì ń yára bí sí i débi pé ọ̀sẹ̀ọ̀sẹ̀ la ń dín in kù. Àmọ́ kò di nǹkan kan mú. Ibi tí afẹ́fẹ́ bá tì í sí ló ń lọ.

Èkejì ni anubias. Ìdí rẹ̀ nípọn bí atalẹ̀ kékeré, ewé ń yọ lókè rẹ̀, gbòǹgbò ń yọ nísàlẹ̀. Bí ẹ bá sin ìdí náà sínú yanrìn, yóò rà. Òwú la fi ń dì í mọ́ òkúta tàbí igi. Ó lè gba ọ̀sẹ̀ mẹ́ta sí mẹ́rin kí ó tó yọ ewé kan ṣoṣo. Lẹ́yìn oṣù bíi mélòó kan, gbòǹgbò rẹ̀ á ti wọnú gbogbo ihò ara òkúta, ẹ lè gé òwú náà dànù. Kò nílò ilẹ̀ ọlọ́ràá. Ohun tó lè dì mú ló ń wá. Mo máa ń wo àwọn méjèèjì nínú omi kan náà, ojúoró lókè, anubias nísàlẹ̀, mo sì mọ èyí tí ilé wa ti jẹ́ fún ọdún mọ́kànlá.

Ewéko yìí ní ìtàn tó kan odò wa. Charles Barter ni a fi orúkọ rẹ̀ sọ ọ̀kan nínú wọn, Anubias barteri. Òun ló ń ṣa ewéko jọ nínú ìrìnàjò Baikie lórí Odò Ọya ní 1857, ìrìnàjò kan náà tí Samuel Ajayi Crowther bá wọn lọ. Ọkọ̀ wọn, Dayspring, fọ́ sórí àpáta nítòsí Jẹ́bbà lọ́dún náà. Barter kú sí Rabba ní 1859, kò padà dé ìlú rẹ̀. Àwọn ewé tó ṣa ló délé.

Nígbà tí ẹ bá ti gbin gbogbo rẹ̀ tán, ẹ má tíì ra ẹja o. Ibí yìí ló le jù fún ọmọdé, ó sì le fún àgbà náà. Ìgbẹ́ ẹja àti oúnjẹ tó bá jẹrà máa ń di àmóníà nínú omi, àmóníà sì ń pa ẹja. Àwọn kòkòrò kan tí ojú kò lè rí ló ń sọ ọ́ di nitrite, òun náà sì jẹ́ májèlé. Àwọn mìíràn ló wá ń sọ nitrite di nitrate, èyí tí ewéko ń jẹ, tí kò sì ṣe ẹja ní nǹkan bí kò bá pọ̀ jù. Táǹkì tuntun kò ní àwọn kòkòrò wọ̀nyí tó. Nǹkan bí ọ̀sẹ̀ mẹ́rin sí mẹ́fà ni wọ́n nílò kí wọ́n tó pọ̀ tó, wọ́n sì gbọ́dọ̀ rí nǹkan jẹ. Nítorí náà, lójoojúmọ́ kí ó tó lọ sí ilé ìwé, ọmọ wa ń wọ́n oúnjẹ ẹja díẹ̀ sínú omi tí kò sí ẹja.

Aládùúgbò wa kan, obìnrin Ikwerre, gba ojú fèrèsé rí i. Ó rẹ́rìn-ín títí, ó ní ṣé omi ni à ń bọ́ ni. Ó wọlé kí ó lè fojú ara rẹ̀ rí i. Ọdún mọ́kànlá la ti ń kí ara wa lẹ́nu géètì, ọjọ́ yẹn ló kọ́kọ́ jókòó sórí àga wa.

Ọ̀sẹ̀ karùn-ún ni bébà ìdánwò fi hàn pé kò sí àmóníà, kò sí nitrite. A ra ẹja méjì, takọtabo, irú èyí tí wọ́n ń pè ní kribensis. Àwọn tó ń sin ẹja ní Jámánì àti Amẹ́ríkà fẹ́ràn rẹ̀ gan-an, bẹ́ẹ̀ odò gúúsù Nàìjíríà níhìn-ín ni ilé rẹ̀. Nígbà tí abo bá fẹ́ yé, ikùn rẹ̀ á pọ́n bí ẹyìn. A ti da ìdajì èèpo àgbọn délẹ̀, a ṣí ojú ọ̀nà kékeré sí i lára. Abẹ́ rẹ̀ ló yé sí. Nígbà tí àwọn ọmọ jáde, takọtabo ló ń ṣọ́ wọn káàkiri orí yanrìn. Nígbà tí aládùúgbò wa rí ẹja náà, ó pariwo. Ó ní àwọn máa ń rí i nínú odò ẹ̀yìn abúlé àwọn nígbà tí òun wà lọ́mọdé, òun kò mọ̀ pé èèyàn lè fi owó rà á. Ó sọ̀rọ̀ odò yẹn di ìrọ̀lẹ́.

Màámi wá kí wa lẹ́yìn náà. Ọmọ ọdún 13 ni nígbà tí wọ́n kúrò ní Kumasi. Ó dúró síwájú táǹkì náà pẹ́, ó fọwọ́ kan gíláàsì, ó wá béèrè ohun tí mo mọ̀ pé yóò béèrè: “Bí ẹ bá wá fẹ́ máa lọ ńkọ́?”

Ọmọ mi dá a lóhùn kí n tó lanu. “Màmá àgbà, a ó fi sílẹ̀ fún Màmá ẹ̀gbẹ́ ilé wa ni.”

Màámi dákẹ́. Nígbà tó ṣe, ó ní ìyá òun gbin ọsàn wẹ́wẹ́ kan sẹ́yìn ilé ní Kumasi, pé òun ni òun máa ń bomi rin ín. Gbogbo ọjọ́ ayé mi, ìtàn ohun tí wọ́n pàdánù ni mo ń gbọ́. N kò gbọ́ nípa igi yìí rí. Ó ní, “Ẹnìkan á ti máa ká a lò.” Ohùn rẹ̀ kò dà bí ohùn ẹni tó ń kédàárò. Ó tún wo àwọn ọmọ ẹja náà, ó ní wọ́n mà pọ̀ o.

A ti tú àpótí méjì nínú mẹ́rin. Ohun tó wà nínú méjì tó kù, mi ò rántí mọ́. Ọ̀sẹ̀ọ̀sẹ̀ la ń pààrọ̀ ìdá mẹ́rin omi táǹkì, ewédú tí mo gbìn sínú báfù tó ti là la sì ń da èyí tí a bù jáde sí. Anubias náà ti gùn. Bí ìdí rẹ̀ bá ti gùn tó, ẹ lè fi ọ̀bẹ mímọ́ gé e sí méjì. Ìpín tó bá ti ní ewé mẹ́ta tàbí mẹ́rin yóò dá dúró. Màámi mú ọ̀kan lọ sí Ògbómọ̀ṣọ́ nínú ìwé ìròyìn tútù tí a fi ọ̀rá dì. Aládùúgbò wa gba méjì. Mẹ́ta ṣì wà nílé. Ẹni tó bá fẹ́, kí ó rí mi lẹ́yìn ìsìn lọ́jọ́ Ìsinmi, kí ó mú ike oníderí dání, kí ó sì ti wá òkúta tirẹ̀ sílẹ̀.